Bírò àti bébà nìkan: eré wo la lè jọ ṣe nílé tí kò ní dìjà?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn la ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìkejì mẹ́sàn-án, àgbà wọn mẹ́tàlá. Ìyá ọkọ mi náà wà lọ́dọ̀ wa, wọn ò kàwé. Tí iná bá ti lọ, tí fóònù sì ti kú, ariwo ló kù nílé. Mo wá ní ká máa fi bírò àti bébà ṣeré. X àti O la fi bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ tó fi sú wọn. A bọ́ sórí "orúkọ, ẹranko, ìlú, nǹkan", tí oníkálukú ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó fi lẹ́tà tí a yàn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn dìjà pátápátá. Àgbà wọn ní òun ò gba Gbági lábẹ́ G, àbúrò rẹ̀ fa bébà ya, bàbá wọn ní mò ń fi ìwé tí òun fowó rà ṣòfò. Àwọn tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ní kí n máa jẹ́ káwọn kékeré borí kí àlàáfíà lè wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é nílé yín, eré wo ló dáa, báwo lẹ sì ṣe ń ṣe é?

* * *

Èsì kìíní: ẹjọ́ Gbági

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ká tó dé orí eré tó dáa, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ Gbági, torí mo rí i pé èsì tó ń wọlé ti pín sí méjì. Àwọn kan ní àgbà ọmọ yín ń rojọ́ lásán, pé G ṣáà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọjà náà. Àwọn kan ní ó jàre. Èmi máa kọ́kọ́ béèrè: lẹ́tà wo lẹ fi ń ṣeré? Tó bá jẹ́ A, B, C, D ti Gẹ̀ẹ́sì, Gbági wọlé sábẹ́ G, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá jẹ́ A, B, D, E, Ẹ ti Yorùbá, lẹ́tà 25 ló wà níbẹ̀, GB sì dá dúró láyè ara rẹ̀, bí Ẹ ṣe yàtọ̀ sí E, tí Ọ yàtọ̀ sí O, tí Ṣ yàtọ̀ sí S. Níbẹ̀, ẹni tó kọ Gbági sábẹ́ G gba òdo. Àwọn ọmọ yín méjèèjì ló lè jàre, torí kò sẹ́ni tó sọ èyí tí ẹ máa lò kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìjà tí mo ti rí nídìí eré yìí, ibẹ̀ ló ti ń wá. Òfin tí a ò sọ, àgbà á máa tún un ṣe bó ṣe wù ú láàárín eré, ọmọdé á sì mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Nílé tiwa ní Mọ́níyà, orí bébà la ń kọ òfin sí ká tó fa ìlà kankan. Lẹ́tà Yorùbá la ó lò. Àdúgbò wọlé fún ìlú, torí náà Mókọ́lá, Bódìjà àti Òjé gba máàkì. Ẹyẹ àti kòkòrò wọlé fún ẹranko. Orúkọ ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tí ó kéré tán ẹni kan nínú wa mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ìdáhùn tí ẹni kan ṣoṣo kọ gba 10, èyí tí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ kọ gba 5, àlàfo ò gba nǹkan kan. Ohun tí kò bá sí lórí bébà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a ò ní fi kún un títí a ó fi parí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní àbá, kó mú un dúró de eré tó kàn.

Lẹ́tà náà ńkọ́? Ìka la fi ń yàn án. Ẹni kan á ní "ẹ na ìka!", oníkálukú á na iye tó wù ú, a ó wá kà á láti A títí ìka á fi tán. Àwọn ọmọ máa ń ka E láìka Ẹ, tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Ẹ kọ lẹ́tà 25 náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n máa fi ìka tọ́ ọ.

Lẹ́tà U, a máa ń fò ó. Nínú Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ́ni nílé ìwé, ọ̀rọ̀ orúkọ kan ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U. Ẹni tó bá fẹ́ Ìjẹ̀ṣà tàbí ará Èkìtì sílé á gbọ́ ulé àti usu lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á sì jà fún un, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò purọ́. Kí ilé bẹ́ẹ̀ jókòó, kí wọ́n pinnu, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà H náà ń fa wàhálà díẹ̀: orúkọ ènìyàn ò nira n'Ìbàdàn, ta ni ò mọ Hàbíbà, ẹranko ló máa ń dá gbogbo wa dúró.

* * *

Èsì kejì: ṣé ká mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi fún ọmọdé?

Èyí ni ọ̀pọ̀ yín ń tẹnu mọ́. Ẹ ní kí ìyá yìí máa ṣe bí ẹni tí kò rí i, kó jẹ́ káwọn kékeré máa borí. Ó yé mi. Ẹkún ọmọ ọdún márùn-ún kì í ṣe ohun tí èèyàn fẹ́ fi kádìí iṣẹ́ òòjọ́. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn rárá.

Ọmọdé kì í pẹ́ mọ̀. Ó máa rí i pé bàbá òun tó ń ṣírò owó ọjà lórí láìmú ẹ̀rọ kò rí ilé mẹ́ta tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ níbi ilé kíkọ́, eré dọ́ọ̀tì àti ìlà tí mo máa ṣàlàyé níwájú. Ọjọ́ tó bá mọ̀, gbogbo eré tó ti ń jẹ látẹ̀yìnwá dòfo lójú rẹ̀. Àgbà rẹ̀ tó jókòó tì í ti mọ̀ tipẹ́, òun ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́, torí wọ́n ń fi òfin mú òun, wọ́n sì ń fi sílẹ̀ fún àbúrò òun.

Ẹ wo ìdí ayò. Ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, kì í fi ọmọ ayò sílẹ̀ fún ọ̀pẹ tí kò mọ̀ ọ́n ta torí àánú. Ọ̀pẹ á jókòó, wọ́n á pa á, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, á máa wo bí wọ́n ṣe ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń di ọ̀ta. Àwọn bàbá wa ò rò pé àwọn ń fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fara mọ́ ni ìṣáájú: kí ọmọdé ní ohun kan lọ́wọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, lójú gbogbo ilé, kí a sì kọ ọ́ mọ́ òfin. Níbi orúkọ-ẹranko-ìlú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ tán bá ti ké "dúró". Níbi ilé kíkọ́, ẹ lè fún un ní ilé méjì tàbí mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín ṣe eré náà bó ṣe yẹ. Ẹni kan ti dáhùn pé nǹkan kan náà ni, pé èyíkéyìí tí a bá ṣe, a ti ràn án lọ́wọ́. Rárá o. Èyí tó wà lórí bébà, ọmọ náà mọ iye tí wọ́n fún un, ó sì mọ ìgbà tí kò nílò rẹ̀ mọ́.

Mo rí i lára ọmọ àbúrò mi. Ilé mẹ́ta la máa ń fún un. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe fẹ́ kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sínú ilé mẹ́ta náà, ó gbé ọwọ́ lé bébà, ó ní, "Ẹ má fún mi mọ́." A ṣe eré náà. Ó pàdánù. Ó mú bébà náà lọ síbi iná sólà, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ibi tí òun ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ó rí i, ó sì pè mí kí n wá wò ó. Tí mo bá ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fìdí rẹmi fún un tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ wá níbẹ̀?

* * *

Èsì kẹta: X àti O ti sú wọn

Ó yẹ kó sú wọn. Ojú ibi mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà to mẹ́ta jọ ò ju mẹ́jọ lọ, ẹni méjì tó bá mọ̀ ọ́n kò ní borí ara wọn láé. Fún ọmọ ọdún márùn-ún nìkan ló ṣì wúlò, ó sì wúlò fún un dáadáa. Ẹ kọ́ ọ ní nǹkan méjì: tí ẹnìkejì bá fi igun bẹ̀rẹ̀, kó sáré gba àárín, torí tí kò bá gbà á, ẹni tó mọ̀ ọ́n á pa á, tí òun fúnra rẹ̀ bá ń bẹ̀rẹ̀, kó gba igun. Tó bá ti mọ èyí, ẹ fi ìdérí kóòkù rọ́pò bírò. Mẹ́ta péré ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti wà nílẹ̀ tí kò tíì sẹ́ni tó borí, èyí tó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ ló máa gbé lọ síbòmíràn. Eré á tún le.

Fún àwọn méjì tó kù, ilé kíkọ́ ni mo máa fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ to dọ́ọ̀tì sórí bébà, mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ẹ máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé láti dọ́ọ̀tì kan sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fa ògiri kẹrin ló ni ilé náà, á kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀, á sì tún fa òmíràn. Ilé mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀mì ò lè wáyé láàárín ẹni méjì. Tí ọwọ́ wọn bá ti yá, ẹ to mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, ilé á di 25. Eré yìí ti pẹ́. Édouard Lucas, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti tẹ òfin rẹ̀ jáde láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀ ni bóyá ó pọn dandan kí èèyàn gba ilé tó bá ṣí sílẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé dandan ni. Kò sí dandan níbẹ̀, àìsí dandan yẹn gan-an ni adùn eré náà. Tó bá ku díẹ̀ kó parí, àwọn ilé á ti tò tẹ̀lé ara wọn, tí èèyàn bá ti ṣí ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ti ṣí. Ká ní ẹnìkejì ṣí márùn-ún fún ọ. Ọmọdé á kó márààrún pẹ̀lú ayọ̀, lẹ́yìn náà òun ló kàn láti fa ìlà, á sì ṣí méje tó kù lódìkejì fún ẹnìkejì. Ẹni tó gbọ́n á kó mẹ́ta péré, á wá fa ìlà tó máa dé ìparí ibi tó ṣí yẹn, kó lè fi méjì sílẹ̀ pọ̀. Ẹnìkejì á kó méjì náà, òun ló sì kàn, òun náà ló máa ṣí méje. Ọjọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá rí èyí fúnra rẹ̀, ẹ ò ní lè gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó rí i.

* * *

Èsì kẹrin: ìyá àgbà tí kò kàwé

Èrò tó pọ̀ jù ni pé kí wọ́n fi ìyá ṣe adájọ́. Ọ̀wọ̀ ni, mo mọ̀. Àmọ́ ẹni tó jókòó bí adájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń wòran ni, oorun á sì gbé wọn lọ kí eré tó gbóná. Ẹ fi ìyá sínú eré gan-an. Ẹ fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣe akọ̀wé wọn: ìyá á máa sọ ọ́ sí i létí, ọmọ á máa kọ, máàkì wọn á jẹ́ ọ̀kan. Ẹ máa ṣọ́ra fún wọn o.

Ìyá tèmi náà kò kàwé. Ìka já sí J lọ́jọ́ kan, gbogbo wa ń wo òrùlé ní abẹ́ ẹranko. Màmá fẹnu kan etí akọ̀wé wọn. Nígbà tí a kà á síta, "jákùmọ̀" ni. Ọmọ mi àgbà fò dìde, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ni. Màmá ò bínú. Wọ́n ní ẹranko igbó ni, ó jọ ológbò, ó jù ú lọ, òru ló fi ń rìn, tó bá wọ ilé adìẹ kì í fi nǹkan sílẹ̀. Ọmọ náà ṣì ń mi orí. Màmá ní, "Ṣé o ò tíì gbọ́ pé jákùmọ̀ kì í rìn ọ̀sán, ọmọ a bíire kì í rìn òru?" Ó ti gbọ́ ọ, àìmọye ìgbà tí wọ́n fi bá a wí pé ó pẹ́ níta. Kò mọ̀ pé ẹranko ni. Máàkì 10.

Láti ìgbà náà la ti ní òfin pé ẹni tó bá pe nǹkan gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé bó ṣe rí. Ó ń gbe màmá gan-an, torí òòrẹ̀, ẹ̀tà, àfè àti ìkún ò nira fún wọn, ajá àti adìẹ la sì ń kọ. Àwọn ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn lọ́sàn-án, wọ́n ń béèrè ẹranko tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W, kí wọ́n lè fi í pamọ́ de alẹ́.

Fún màmá àti ọmọ ọdún márùn-ún lápapọ̀, ẹ fi àlọ́ apamọ̀ ya àwòrán. Màmá á pa àlọ́, àwọn ọmọ á ya ìdáhùn dípò kí wọ́n sọ ọ́, ẹni tó bá yà á bó ṣe yẹ ló jẹ. "Awẹ́ obì kan, à jẹ d'Ọ́yọ̀ọ́." Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á máa ya obì àti ọ̀nà Ọ̀yọ́. Àbíkẹ́yìn tiwa ya ẹnu tó là gbàgà, ó ya ahọ́n sínú rẹ̀, ó kùn ún ní pupa. Kò tíì mọ lẹ́tà mẹ́wàá kọ, ó sì pa gbogbo ilé.

* * *

Èsì karùn-ún: bàbá wọn àti ìwé tó ń ṣòfò

Bàbá wọn ò jẹ̀bi, ìwé ti wọ́n. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni kẹ́ ẹ lò. Ilé wo ló wà n'Ìbàdàn tí kò ní kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ti ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó tí wọ́n ká sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn? Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, ó fẹ̀, gbogbo ilé lè yí i ká. Àwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà náà ń kó bébà tí wọ́n tẹ̀ tì dànù, tí ẹ bá tọrọ, wọ́n á fún yín. Ìparí táàmù, ẹ já ojú ewé tó ṣẹ́kù nínú ìwé àwọn ọmọ.

Bírò ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe pẹ́ńsù. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn pẹ́ńsù kí wọ́n lè tún bébà lò. Níbi tí kílínà bá wà, tí ẹ bá ń ṣe eré ọkọ̀ fífi pamọ́ tí mo máa sọ níwájú, ọkọ̀ tí ọmọ rẹ fi pamọ́ sí àyè A3 á ti bọ́ sí A7 kí o tó yíjú padà.

* * *

Èsì kẹfà: ẹ má so ẹnikẹ́ni kọ́

Ẹni kan dábàá eré ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń mọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ya ènìyàn tí wọ́n so kọ́ bí ìdáhùn bá ṣe ń tàsé. Eré yẹn dáa, àwòrán yẹn ni mi ò fẹ́. Ìyá àgbà tó wà nílé yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ yà á dé ọrùn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ìjàpá la máa ń yà: igbá ẹ̀yìn, orí, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù. Ìgbà méje nìyẹn. Tí Ìjàpá bá pé kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ náà, ó ti gbé e sá lọ.

Ní Yorùbá, òfin rẹ̀ ń fẹ́ àmójútó. GB gba àyè kan ṣoṣo: gbẹ̀gìrì gba àyè mẹ́fà. Ẹni tó bá pe E kò ní rí Ẹ gbà. Àmì ohùn ò ní àyè tirẹ̀. Tí fáwẹ̀lì bá ti jáde, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á fi àmì sí i lórí. Àwọn kan ní èyí mú un rọrùn jù. Fún ọmọ kékeré, ó dáa bẹ́ẹ̀. Fún àwọn àgbà, ẹ fi àmì pamọ́ títí dé òpin, kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ kó dún. Tó bá ku ọ, k, ọ nílẹ̀, kó sọ èyí tó ń sọ.

Ohun kan wà tó máa ń jẹ́ kó tètè tú: kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sábà tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀rọ̀ wa, fáwẹ̀lì ló máa ń wà láàárín wọn. Ọmọ tó bá ti mọ èyí á máa pe fáwẹ̀lì ṣáájú, ọ̀rọ̀ á sì ṣí. Nítorí náà, ẹ má lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ẹni tó ti dàgbà. Ẹ fún un ní ìlàjì òwe, kó wá parí rẹ̀.

* * *

Èsì keje: fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá

Ẹni tó wà ní ọjọ́ orí yìí ni ẹ ò gbọ́dọ̀ pàdánù, torí tó bá dìde, àbúrò rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ fún un ní eré tó le.

Ọkọ̀ fífi pamọ́ ni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ogun ojú omi làwọn tó ni eré náà ń lò, orí bébà ni wọ́n sì ti ń ṣe é kí ilé iṣẹ́ Milton Bradley tó gbé oníke rẹ̀ jáde ní 1967. Nílé wa, mọ́tò ojú títì la fi rọ́pò wọn: Micra gba àyè méjì, kórópe mẹ́ta, bọ́ọ̀sì mẹ́ta, lọ́rì mẹ́rin, tírélà márùn-ún. Ẹni méjì á fa àyè mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, oníkálukú á fi ọkọ̀ rẹ̀ pamọ́, wọ́n á máa pe àyè ara wọn. Ẹ kọ 1 dé 10 sí ẹ̀gbẹ́. Sórí, ẹ kọ A, B, D, E, Ẹ, F, G, GB, H, I, mẹ́wàá géérégé. Ẹni tó bá pe E4 nígbà tó ń rò Ẹ4 ti pàdánù àyè rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó tún un pè. Àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹnu mọ́ Ẹ ń là á dáadáa báyìí.

Ìkejì ni eré tí àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, John Conway àti Michael Paterson, dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ní 1967. Ẹ fi dọ́ọ̀tì mẹ́ta sílẹ̀. Ẹni tó kàn á fa ìlà láti dọ́ọ̀tì kan sí òmíràn, tàbí kó yí i padà sí ara rẹ̀, á sì fi dọ́ọ̀tì tuntun sáàárín ìlà náà. Ìlà kan kò gbọ́dọ̀ gba orí òmíràn kọjá, dọ́ọ̀tì kan kò sì gbọ́dọ̀ ní ju orí ìlà mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò bá rí ibi fà mọ́ ló pàdánù. Pẹ̀lú dọ́ọ̀tì mẹ́ta, kò lè kọjá ìlà mẹ́jọ, torí náà ẹ lè gbá a lẹ́ẹ̀mélòó kan kí oúnjẹ tó jinná. Ìlà ò ní láti tọ́. Ọmọ yín á fa èyí tó lọ́ bí ejò, kó lè dí ọ̀nà mọ́ yín.

Ìkẹta ń fẹ́ bírò aláwọ̀ méjì. Dọ́ọ̀tì mẹ́fà yípo, ẹni kan ń fi pupa, ẹni kan ń fi búlúù so méjì méjì pọ̀, ẹni tí ìlà tirẹ̀ bá kọ́kọ́ di onígun mẹ́ta láti dọ́ọ̀tì sí dọ́ọ̀tì ló fìdí rẹmi. Ìlà 15 péré ló wà níbẹ̀, ọ̀mì ò sì lè wáyé. Ẹ lè máa rò pé ẹ ti bọ́, àfi kí ìlà tó kẹ́yìn dè yín.

* * *

Èsì kẹjọ: owó àti abọ́

Ẹnì kan láti Agbowó kọ̀wé pé láìsí owó díẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ ò ní fọkàn sí i. Ẹlòmíràn ní kí ẹni tó bá pàdánù fọ abọ́. Mi ò gba ọ̀kankan. Owó, mi ò ní sọ púpọ̀: tẹ́tẹ́ ti wà ní gbogbo ìkòríta, ẹ má gbé e wọlé fún wọn. Ti abọ́ ni ọ̀pọ̀ ò rí ewu rẹ̀. Ọmọ tó kéré jù ló máa pàdánù jù, òun ló máa fọ abọ́ jù, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní fẹ́ jókòó mọ́. Àgbà rẹ̀ á wá máa gbá eré láti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ilé. Ẹni tó bá borí ni kó yan eré tó kàn. Ó ti tó. Ẹ sì gba ẹ̀fẹ̀ láàyè bí ti ìdí ayò, ká fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n orí eré nìkan ni kó mọ. Ẹni tó bá mẹ́nu ba máàkì ilé ìwé, ìrísí tàbí ọ̀rọ̀ ìtọ̀ òru, kó dìde fún eré kan.

* * *

Èsì kẹsàn-án: ìyá wa tún béèrè

Ẹ ní èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ padà sórí orúkọ-ẹranko-ìlú tó dìjà yẹn, kẹ́ ẹ má sá fún un, torí òun nìkan ni gbogbo yín lè jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá kọ òfin, torí òun ló rí àléébù rẹ̀, kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, kí ọmọ ọdún márùn-ún máa ka ìka. Bàbá wọn náà ńkọ́? Ẹ gbé kàlẹ́ńdà síwájú wọn, kí wọ́n wá fi ojú rí i pé kò sí ìwé tuntun nílẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ pe Ìyágànkú lábẹ́ Y kò ní lè dákẹ́.

Ẹ má dúró de ìgbà tí iná bá lọ o. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, eré náà á wá dà bí oògùn àìsí fóònù, bí iná bá ṣe dé báyìí wọ́n ti sá. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn oúnjẹ dáa, iná wà tàbí kò sí.

Ẹ tún béèrè nípa ẹni tó ń ké "dúró" kíákíá. Òfin tiwa ni pé kò sẹ́ni tó lè ké e àfi tí gbogbo àyè rẹ̀ bá ti kún. Tó bá ké e tán, tí a sì rí ìdáhùn kan tí kò tọ̀nà nínú tirẹ̀, máàkì rẹ̀ fún lẹ́tà yẹn di òdo pátá. Èyí máa jẹ́ kí àgbà ọmọ yín rọra, á sì fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò yá láàyè. Tí iná bá dé láàárín lẹ́tà kan, ẹ parí lẹ́tà yẹn, ẹ ka máàkì, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Ibẹ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.